Aṣọ Funfun Mẹ́tàlélógójì

"Tí omi bá lè bá mi lójijì ní òpópónà yìí," ni Ọ̀gá Fèrè wí, ó na ìka sókè bí ẹni tó fẹ́ gún òfuurufú lójú, "kí ẹ gé etí mi òsì, kí ẹ fún ajá jẹ. Tí ajá bá ní kò yó, ẹ fi tọ̀tún kún un!"

Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ará àdúgbò. Obìnrin kan ni, Aláyẹ̀wò tí wọ́n rán wá láti orílé-iṣẹ́, ó gbé fọ́ọ̀mù lé pátákó pẹlẹbẹ níwájú àyà, ó sì fi aago kékeré tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú kọ́ ọrùn. Ó kàn tẹ bírò rẹ̀ kẹ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ọ̀gá Fèrè na ọrùn títí, kò rí ohun tó kọ kà dáadáa. Ṣùgbọ́n kò gùn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ó sì dà bíi pé "etí òsì" ni.

Ẹ má rò pé Fèrè lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Fèrè tó máa ń gbé kọ́rùn láti àárọ̀ títí dé ibùsùn ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Òun ni olórí Ẹ̀ka Pàjáwìrì ní ìjọba ìbílẹ̀. Òun náà ni igbákejì olórí. Òun náà ni akọ̀wé, òun ló sì ń gbálẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí ẹni tó bá ga díẹ̀ ti ń wọlé bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́. Ó ya àwòrán Òpópónà Ìsàlẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì kọ "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí" sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tí kò jẹ́ kó sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Lẹ́tà náà ò gùn. Ó ní tí ìdánrawò omíyalé tòní bá forí ṣánpọ́n, wọ́n á ti ẹ̀ka náà pa, wọ́n á sì dá Ọ̀gá Fèrè padà sí yàrá fáìlì, níbi tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án gbáko fi eruku ṣe ìpara.

Ètò tó ṣe rọrùn débi pé ewúrẹ́ lè tẹ̀ lé e. Ilé mẹ́tàlélógójì ló wà ní Òpópónà Ìsàlẹ̀, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí odò. Ilé kọ̀ọ̀kan ní aṣọ funfun kan. Tí fèrè bá dún, kí gbogbo ará ilé jáde, kí wọ́n so aṣọ náà mọ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì gun òkè lọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́. Ilẹ̀kùn tí aṣọ bá wà lára rẹ̀, kò séèyàn níbẹ̀, kí àwọn tó ń wá èèyàn kọjá síwájú. Ilẹ̀kùn tí kò bá sí aṣọ, kí wọ́n wọlé.

Ìyá rẹ̀ ló ṣẹ́ etí àwọn aṣọ náà. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà níwájú ilé tí òun àti ọmọ rẹ̀ jọ ń gbé ní òpópónà yìí kan náà. Kò sí ilé tí kò gbé aṣọ fún un rán. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ gún, kò sì sí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń bá ara mu tó tirẹ̀. Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó: gbígbà ni a ń rí i tó ń gba aṣọ, ìgbà tí yóò dá a padà ni a ò mọ̀.

"Ìṣẹ́jú méjìdínlógún péré la ó fi dé òkè," ni Ọ̀gá Fèrè wí, bí òun àti Aláyẹ̀wò ṣe ń yà sí òpópónà ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. "Tí mo bá fun fèrè báyìí, kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo ilẹ̀kùn ti funfun báláú."

Ó gbé fèrè sẹ́nu, ó kó èémí sínú, àyà rẹ̀ wú. Ó gbójú sókè. Fèrè bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tí ojú rẹ̀ ká, gbogbo ilẹ̀kùn ti funfun báláú.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá Fèrè!" Onígbàjámọ̀ ló yọrí lójú fèrèsé, ọṣẹ kún àgbọ̀n rẹ̀, abẹ ìfárùngbọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Tiwa ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn láti alẹ́ àná. Ẹ ò ní pe orúkọ mi lónìí!"

"Alẹ́ àná?" ni ìyàwó káfíńtà ké láti òdìkejì, níbi tó ti ń fọ abọ́. "Ọ̀lẹ! Èmi ti so tèmi láti ọjọ́ Ẹtì!"

Ẹ̀bi ta ni? Nígbà ìdánrawò tó kọjá, Ọ̀gá Fèrè fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe orúkọ gbogbo ẹni tó pẹ́, ó ń pè é léraléra, títí tí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ọmọlúàbí kan ò fẹ́ irú ẹ̀tẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àdúgbò kọ́gbọ́n. Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ ló wá gba ibòmíràn yọ.

Aláyẹ̀wò wo ilẹ̀kùn, ó wo ojú fèrèsé, ó fa òórùn símú.

"Àṣé wọ́n ti kúrò nílé tán," ló wí, ohùn rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi. "Ta ló wá ń dín ẹyin?"

Ọ̀gá Fèrè fa aṣọ kan yọ lápò, ó nu òógùn ojú. Bírò Aláyẹ̀wò ń sáré lórí ìwé. Lọ́kàn Ọ̀gá Fèrè, eruku yàrá fáìlì ti ń gba imú rẹ̀ wọlé.

Ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ dún. Ibi tó yẹ kó máa gbé sétí ti bàjẹ́, nítorí náà gbangba ni ohùn máa ń jáde lára rẹ̀.

"Fèrè!" Ẹni tó ń ṣọ́ dáàmù lókè odò ni. "Òjò tó rọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa ti kọjá agbára dáàmù. A ti ń ṣí géètì méjì. Ẹ ní ogójì ìṣẹ́jú. Bóyá ó dín! Kó àwọn èèyàn ẹ kúrò níbẹ̀!"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Aláyẹ̀wò rẹ́rìn-ín.

"Èyí dára," ló wí, ó sì fi àmì sí i. "Ọkùnrin yẹn mọ eré ṣe. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bíi pé lóòótọ́ ni."

"Mà, lóòótọ́ ni."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ṣe!" Ó tún fi àmì mìíràn sí i.

Ẹ wo ayé. Máàkì méjì tí Ọ̀gá Fèrè máa gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, kò sì lè gbádùn rẹ̀. Ó fa obìnrin náà lápá ẹ̀wù, ó mú un dé ẹ̀yìn ilé àkọ́kọ́. Omi odò ti pupa bí amọ̀, ó ń sáré bí ẹni tó jalè. Àjákù ọgbà ilé kan ń léfòó bọ̀, adìẹ kan sì dúró lórí rẹ̀ gbọn-in. Aláyẹ̀wò wo adìẹ. Adìẹ wo Aláyẹ̀wò. Adìẹ kọjá lọ.

Bírò bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. "Èyí ò sí nínú fọ́ọ̀mù," ló wí.

Ọ̀gá Fèrè ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó fi kọ́ èjìká sẹ́nu. "Ẹ jáde o! Omi ń bọ̀! Kì í ṣe ìdánrawò! Lóòótọ́ ni!"

"Bó ṣe wí lọ́dún tó kọjá nìyẹn," ni ìyàwó káfíńtà sọ fún aládùúgbò rẹ̀.

"Lọ́dún tó kọjá ó tiẹ̀ sunkún sí i," ni onígbàjámọ̀ dáhùn. "Ẹkún yẹn dùn ju tòní lọ."

Táńkà omi ti ìjọba ìbílẹ̀ rọra yọ ní ìkángun òpópónà. Ẹni tó ń wà á ni wọ́n ń pè ní Wàràwàrà, nítorí pé kò sí ohun kan láyé tó ń ṣe wàràwàrà. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń wá èèyàn. Ó yọ orí, ó wo ilẹ̀kùn lápá ọ̀tún, ó wo lápá òsì.

"Ọ̀gá, gbogbo wọn ti lọ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Wọ́n wà nínú ilé!"

"Aṣọ funfun wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

"Ṣé o ò rí onígbàjámọ̀ lójú fèrèsé ni? Òun ló ń juwọ́ sí ẹ yẹn!"

Wàràwàrà wo onígbàjámọ̀, ó juwọ́ padà. "Mo rí i," ló wí. "Ṣùgbọ́n nínú ètò, kò sí níbẹ̀."

Ọ̀gá Fèrè sáré lọ ń kan ilẹ̀kùn. Ó kan àkọ́kọ́, wọ́n ní kó kú iṣẹ́. Ó kan èkejì, wọ́n ní àwọn ti so tàwọn, ṣé kò ríran ni. Ní ilẹ̀kùn kẹta, Tísà tó ti fẹ̀yìntì ní kó jẹ́ kí òun parí ìwé ìròyìn tí òun ń kà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ, ilẹ̀kùn mẹ́ta, ẹni tó jáde: òfo. Ogójì ilé ṣì ń dúró, omi ò sì dúró.

Ló bá já sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ìyá Aránṣọ ń tòògbé lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, téèpù ìwọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ àwọn èèyàn sì ga bí òkìtì lápá kan.

"Màmá, ẹ dìde! Omi ń bọ̀!"

Ó la ojú kan. "Ṣé òótọ́ ni, àbí ti ẹ̀yin ìjọba?"

"Mo rí adìẹ tó gun orí ọgbà kọjá lójú odò."

Ìyá la ojú kejì, ó sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Kí làwọn ará ibí wá ń dúró ṣe?"

"Wọn ò gbà mí gbọ́, Màmá. Mo pariwo títí, ọ̀fun mi ti fẹ́ bẹ́."

"Ariwo ohun tí wọ́n ń sá fún lò ń pa," ni ìyá wí, ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Pariwo ohun tí wọ́n ń fẹ́. Kó àwọn aṣọ yẹn sínú ìdì, gbé e sórí táńkà. Yára!"

Ó jáde sójú òpópónà, ó gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, ó wú ikọ́.

"Ẹ̀yin oníbàárà mi! Èmi Ìyá Aránṣọ ni o. Aṣọ yín ti parí!"

Ẹni tó ń fọ abọ́ dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń dín ẹyin dáwọ́ dúró. Kí n má purọ́, ó dà bíi pé odò pàápàá dáwọ́ dúró díẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀ pátá! Orí òkè ni mo ti fẹ́ pín in, ní pápá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀, kó tú aṣọ funfun ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kó mú un dání wá bá mi, kó sì kó gbogbo ará ilé rẹ̀ wá kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ wò lójú mi. Ilé tí kò bá pé, n ò ní dá wọn lóhùn. Tó bá ti di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ti di ẹrù mi padà nìyẹn!"

Àgbàrá kọ́kọ́ ya ní Òpópónà Ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàrá èèyàn ni. Ilẹ̀kùn ń ṣí gbàgà gbàgà. Onígbàjámọ̀ fò jáde pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan, ọṣẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ìyàwó káfíńtà gbé ọmọ kan pọ̀n, ó fa méjì lọ́wọ́, ó gbàgbé àwo sórí. Tísà tó ti fẹ̀yìntì ju ìwé ìròyìn nù. "Ṣòkòtò tí mo fẹ́ fi fẹ̀yìntì!" ló ń ké. Ọdún méjì sẹ́yìn ló sì ti fẹ̀yìntì. Ìyá àgbà tí kò jáde nínú yàrá láti oṣù mẹ́ta ní kí wọ́n gbé òun. "Bùláòsì mi wà níbẹ̀," ló ń tẹnu mọ́ ọn, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ méjì sì gbé e sókè bí ẹni ń gbé ife-ẹ̀yẹ.

Wàràwàrà gbé ìdì aṣọ àti Ìyá Aránṣọ sórí táńkà, ó sì ki jíà kẹta bọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìjọba ti gbà á síṣẹ́. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ló ṣíwájú táńkà dé òkè.

Aláyẹ̀wò tẹ aago rẹ̀ pa. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá láti ìgbà tí Ìyá Aránṣọ ti lanu.

Kò tíì tó àkókò ayọ̀. Ọ̀gá Fèrè ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó ń gba aṣọ funfun, ó ń kà á. Bó ṣe ń kà á ni ọpọlọ rẹ̀ ń là: aṣọ tó dúró ti ilẹ̀kùn lè purọ́, ṣùgbọ́n aṣọ tó bá olówó rẹ̀ gun òkè, ẹnu rẹ̀ ò lè yẹ̀. Ogójì. Mọ́kànlélógójì. Méjìlélógójì.

Ó wò yíká. Kò sí ọwọ́ mìíràn nílẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan," ló wí. Nísàlẹ̀, omi ti yọ lẹ́yìn àwọn ilé, ó ń wọ òpópónà bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.

"Ilé wo ni?" Aláyẹ̀wò béèrè.

"N ò mọ̀. Kò sí nọ́ńbà lára aṣọ."

"Kí ló dé tí kò sí nọ́ńbà?"

"Mo ní kí Màmá fi òwú pupa kọ ọ́ sí i." Ọ̀gá Fèrè dorí kodò. "Wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Oṣù kẹfà rèé."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ẹ gbà mí gbọ́, kò rántí lẹ́tà mọ́, kò rántí yàrá fáìlì. Ilé kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀, ilé kan tí èèyàn ṣì jókòó sí, bóyá tó ń sùn. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Omi gba kókósẹ̀ rẹ̀, ó wọ ilé àkọ́kọ́: ẹyin ti jóná nínú páànù, kò séèyàn. Omi gba orúnkún, ó ń ti ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: rédíò ń sọ̀rọ̀ fún àga òfìfo, ìwé ìròyìn Tísà ń wẹ̀ ní pálọ̀. "Ta ló kù? Ẹ dá mi lóhùn!" Omi gba itan. Ó dé ilé tó gbẹ̀yìn, ilé tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró jẹ́ẹ́, omi ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òfo.

Ó jáde padà, ó gun orí pèpéle iwájú ilé. Òógùn àti omijé ti dàpọ̀ lójú rẹ̀. Ó fa aṣọ yọ lápò, ó nu ojú.

Láti orí òkè, ohùn ìyá rẹ̀ bú jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ìwọ ọmọ yìí! Kí lo fi ń nu ojú?"

Ọ̀gá Fèrè wo ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ funfun ni. Ìyá rẹ̀ ló ṣẹ́ etí rẹ̀. Ó ti wà lápò rẹ̀ láti àárọ̀, nítorí pé ẹni tó ń pàṣẹ fún ilẹ̀kùn méjìlélógójì ò ráyè so ti ẹnu ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Ó gbé aṣọ náà sókè, ó fì í. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n hó débi pé Wàràwàrà fò lórí ìjókòó. Àwọn géńdé mẹ́ta fi okùn fa Ọ̀gá Fèrè gòkè, ó sì gbé aṣọ tó tutù náà lé orí àwọn yòókù.

"Mẹ́tàlélógójì," ni Aláyẹ̀wò kà sókè.

Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí omi fi bo ojú fèrèsé. Ó gbé àga, ó gbé ìkòkò, ó gbé àwo tó bọ́ lórí ìyàwó káfíńtà lójú ọ̀nà. Kò rí èèyàn kan ṣoṣo gbé. Kò sí ẹni tó fi ìka ẹsẹ̀ kọ. Adìẹ àárọ̀ pàápàá, ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ó ti gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, ó ń já koríko láàárín èrò. Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ, omi òpópónà sì kó gbogbo Ìsàlẹ̀ pọ̀ sókè.

Aláyẹ̀wò ya ojú-ìwé àkọ́kọ́ kúrò nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó nà án sí Ọ̀gá Fèrè. "Ẹ gba etí yín padà," ló wí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí èrò. "Ẹ̀ka Pàjáwìrì yín ò ní kú. Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ yòókù wá kọ́ ọ níbí: kí aṣọ bá èèyàn lọ, kó má ṣe dúró ti ilẹ̀kùn."

Ẹ wá wo ariwo! Onígbàjámọ̀ onírùngbọ̀n ìdajì gbé Ọ̀gá Fèrè sí èjìká. Tísà ń pàtẹ́wọ́, ìyá àgbà ń kọrin láti orí ẹ̀yìn táńkà. Wàràwàrà ń tẹ fèrè ọkọ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà. Orí Ọ̀gá Fèrè wú. Yàrá fáìlì ti di ìtàn! Kí ló dé tí kò ní fọ́nnu? Ó na ìka sókè sí òfuurufú.

"Láti òní lọ," ló kígbe, "kò sí ohun tó lè bá àdúgbò yìí lójijì mọ́! A ti múra sílẹ̀ fún ohun gbogbo!"

"Fún ohun gbogbo!" ni wọ́n dáhùn.

Gbogbo wọn wá yí padà sọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ. Láìsí pé ẹnikẹ́ni fun fèrè, wọ́n tò, ìlà gún bí òwú, kò sẹ́ni tó ti ẹnì kejì. Tísà ló wà níwájú, ó ti ń fa ìgbànú. Aláyẹ̀wò pàápàá lọ dúró sẹ́yìn, ó mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ya lábẹ́ apá dání, bóyá wọ́n á bá òun wò ó.

Ìyá Aránṣọ jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan. Ó tú ìdì ńlá náà ní sùúrù, ìdè kan lẹ́yìn èkejì. Ó ṣí i.

Aṣọ gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò dín ọ̀kan. Wọ́n ká a bí wọ́n ṣe ká a wá, ìwé ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Sísọ́ọ̀sì ò tíì kan ọ̀kan nínú wọn. Ti ṣòkòtò Tísà ló wà lókè, kò tíì kúrò nínú ọ̀rá.

Gbogbo pápá ń wo ìyá. Ìyá tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó wo ìlà náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ìdì padà.

"Ẹ padà wá lọ́la," ló wí.